Pylos: Ìlú Tí Èbúté Rẹ̀ Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gíríìsì, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Messenia, òkun ya wọ inú ilẹ̀, ó fẹ̀ sínú, erékùṣù gbọọrọ kan sì nà gbalaja síwájú rẹ̀, ó dínà mọ́ ìjì. Sphacteria ni orúkọ erékùṣù náà. Omi ẹ̀yìn rẹ̀ jìn, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà tí òkun gbangba bá ń ru. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tó máa rí irú èbúté bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ ju ìdákọ̀ró síbẹ̀. Apá gúúsù omi yìí ni Pylos wà, ìlú kékeré téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já láìpẹ́ rárá.

Àlejò tó bá wọ̀ ọ́ lónìí máa bá gbàgede kan tí igi ràbàtà ṣíji bò, àwọn èèyàn jókòó sí ìdí kọfí lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ apẹja ń mì lórí omi nítòsí. Òkúta ìrántí kan dúró ṣánṣán láàárín gbàgede, àgbá ogun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò náà lè rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni. Bẹ́ẹ̀, ibi omi tó ń wò yẹn ni iyì Sparta ti kọ́kọ́ wọ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ogun ìjọba Ottoman ti jóná tí ọ̀nà òmìnira fi là fún àwọn Gíríìkì, orí òkè kan tí kò jìnnà síbẹ̀ sì ni wọ́n ti hú ìwé tó jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè Gíríìkì ní nǹkan bí 3,200 ọdún sẹ́yìn.

Ohun kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: èbúté yìí dára ju agbára àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ lọ. Ìgbà kan ṣoṣo la mọ̀ tí ẹni tó ni èbúté náà ń gbé ìtòsí rẹ̀, tó sì lówó àti ọmọ ogun láti máa ṣọ́ ọ. Láti ìgbà tí ìyẹn ti parí, ẹni tó bá ti jọba lórí òkun ló ń gbà á, àwọn onílẹ̀ ló sì ń jẹ gbèsè ogun tí wọn kò dá sílẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni orúkọ Pylos ti jókòó sí rí, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ìtàn má bàa lọ́ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ààfin orí òkè Epano Englianos, nǹkan bíi kìlómítà 17 sí àríwá ìlú òní, lẹ́bàá ìlú Chora. Èkejì ni orí àpáta Koryphasion, ní ẹnu àríwá èbúté. Ẹ̀kẹta ni ìlú òní, tí wọ́n tẹ̀ dó lẹ́yìn ọdún 1828. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ gan-an máa ń pa á lówe pé Pylos kan ń bẹ ṣáájú Pylos, òmíràn sì tún ń bẹ yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ohun tí ẹnu sọ

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kò bẹ̀rẹ̀ sí í ka Pylos láti ọ̀dọ̀ ọmọ onílẹ̀. Pausanias, arìnrìn-àjò tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, gbọ́ pé ọmọ Kleson kan ló tẹ ìlú náà dó, pé láti agbègbè Megara ló ti kó àwọn tí wọ́n ń pè ní Leleges wá. Kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Neleus gbéra láti Iolkos ní àríwá, ó lé e jáde, ó sì gorí àga. Àwọn tó ń sọ ìtàn ní ọmọ Poseidon, òrìṣà òkun, ni Neleus, pé ìjà òun àti Pelias ìkejì rẹ̀ lórí oyè ló lé e kúrò nílé. Wọ́n ní Heracles tún wá kógun ja Pylos, ó pa àwọn ọmọ Neleus tán, ó ku ẹyọ Nestor nìkan.

Nestor yìí ni ọba tí Homer sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Nínú Iliad, 90 ọkọ̀ ló kó lọ sógun Troy, òun sì ni àgbà tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí inú àwọn ọ̀dọ́ bá ń ru. Nínú Odyssey, nígbà tí Telemachus ń wá bàbá rẹ̀ kiri, etíkun Pylos ló gúnlẹ̀ sí. Ó bá àwọn èèyàn ibẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi akọ màlúù dúdú rúbọ sí Poseidon, wọ́n pín ara wọn sí agbo mẹ́sàn-án.

Èwo nínú àwọn Pylos ni ti Nestor? Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ti pínyà. Strabo wo ọ̀nà tí ìtàn Homer gbà, ó ní Pylos kan tó wà ní Triphylia lápá àríwá ni. Pausanias ní tirẹ̀ sọ pé Koryphasion ni, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ilé Nestor, sàréè rẹ̀, àti ihò àpáta tí ó ń kó màlúù rẹ̀ sí hàn án. Ihò náà ṣì wà lókè etíkun Voidokilia, níbi tí iyanrìn ti tẹ̀ kọdọrọ yí omi aláwọ̀ aró ká. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn ará Jámánì, Wilhelm Dörpfeld, rí ibojì ńláńlá ní Kakovatos ní Triphylia ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó dà bíi pé Strabo ló jàre.

Ohun tí amọ̀ sọ

Ní oṣù kẹrin ọdún 1939, Carl Blegen láti Yunifásítì Cincinnati àti Konstantinos Kourouniotis, ọmọ Gíríìkì, bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Epano Englianos. Oko ólífì ni orí òkè náà, Blegen kò sì fẹ́ ba igi olóko jẹ́, ló bá fa ìlà ihò àkọ́kọ́ kó lè gba àárín igi kọjá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ìlà náà já sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí. Wàláà amọ̀ ló kún ibẹ̀, àmì kóṣokòṣo wà lára wọn, irú èyí tí wọ́n ti rí ní erékùṣù Crete tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Wàláà tí wọ́n rí lọ́dún yẹn nìkan lé ní 600. Ogun àgbáyé kejì bẹ́, wọ́n kó wàláà náà pamọ́ sí báńkì ní Athens, iṣẹ́ sì dúró títí di 1952.

Ọdún 1952 yẹn náà ni Michael Ventris, ayàwòrán-ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun ti já àwọn àmì náà, pé èdè Gíríìkì ni wọ́n. Iṣẹ́ tí Alice Kober ti ṣe sílẹ̀ kó tó kú, àti bí Emmett Bennett ṣe to àmì wàláà Pylos lẹ́sẹẹsẹ, wà lára ohun tó là á lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ yínmú sí i. Àfìgbà tí Blegen fi ìmọ̀ Ventris ka wàláà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ní Pylos. Àwòrán ìkòkò wà lára rẹ̀: èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, èyí tó ní etí mẹ́rin, èyí tó ní etí mẹ́ta, èyí tí kò létí rárá. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ojú ń rí. Awuyewuye rọlẹ̀.

Orúkọ Pylos fúnra rẹ̀ wà nínú wàláà. Ọba wọn ń jẹ́ *wanax*, balógun ń tẹ̀ lé e, Poseidon sì gba ẹbọ tó pọ̀, gẹ́gẹ́ bí Homer ti wí. Ìlú ńlá mẹ́sàn-án ló wà ní apá kan ìjọba náà, agbo mẹ́sàn-án inú Odyssey sì bá a mu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ àwọn ìlú tí Homer kà wé ti inú wàláà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò jọra. Orúkọ Nestor kò sì hàn gẹ́gẹ́ bí ọba. Ẹnu pa iye mọ́, orúkọ bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹnu àti wàláà kò sì wo ibì kan náà. Akéwì ń ki ọba, akọ̀wé ààfin ń ka ẹrù. Nínú wàláà la ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin tí ààfin ń lò fún iṣẹ́ òwú àti aṣọ, àti iye ọmọ wọn, àti ìwọ̀n ọkà àti èso ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ń fún wọn. Wọ́n fi ìlú tí àwọn kan ti wá pè wọ́n: ará Miletus, ará Knidos, ará Lemnos, gbogbo rẹ̀ ní òdìkejì òkun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ogun ló kó wọn tàbí pé ọjà ni wọ́n ti rà wọ́n. Homer kò dárúkọ irú wọn nínú ìtàn Nestor, bẹ́ẹ̀ wàhálà ọwọ́ wọn wà lára ohun tó gbé ààfin náà ró.

Ẹni tó bá dé òkè náà báyìí máa rìn lórí afárá irin lábẹ́ òrùlé tuntun tí wọ́n ṣí ní 2016, á máa wo yàrá ọba nísàlẹ̀. Ààrò roboto kan wà láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, ibi tí ìtẹ́ wà sì hàn lẹ́bàá ògiri. Ọpọ́n ìwẹ̀ alámọ̀ wà ní yàrá kan níbẹ̀. Ní ìyẹ̀wù ìkóǹkansí kan, ife ìmutí ẹlẹ́sẹ̀ 2,853 ni wọ́n kà, tí wọ́n tò gègèrè lórí ara wọn. Inú irú ilé báyìí ni àsè ti ń so ìjòyè mọ́ ọba.

Ọrọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, Jack Davis àti Sharon Stocker hú ibojì ọkùnrin kan lẹ́bàá ààfin, tí wọ́n ti sin láti nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú ìbí Kristi, ṣáájú kí ààfin tí Blegen rí tó wà. Wọ́n sin ín pẹ̀lú òrùka wúrà mẹ́rin, idà, ohun èlò idẹ àti fàdákà, àti òkúta kékeré kan tí wọ́n fín àwòrán ìjà sí lára tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé awò-amúǹkantóbi nìkan ló lè fi ẹwà rẹ̀ hàn dáadáa. Púpọ̀ nínú ẹrù náà jẹ́ iṣẹ́ ọnà àwọn ará Crete. Àwọn kan ní ìkógun ni. Àwọn tó hú u sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà to ẹrù náà fi hàn pé àwọn ará Pylos mọ ìtumọ̀ wọn, pé wọ́n ti ń gba àṣà Crete mọ́ra.

Iná

Ní nǹkan bí ọdún 1180 ṣáájú ìbí Kristi, ààfin náà jóná. Iná tó pa á run ló gba ìwé rẹ̀ là: amọ̀ tútù ni wàláà náà, wọn kò sun ún, ìṣirò ọdún kan péré ni wọ́n sì wà fún. Iná sun ún di bíríkì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdún ìkẹyìn ìjọba náà ni a mọ̀ jù.

Wàláà kan ka àwọn olùṣọ́ tí wọ́n pín sí etíkun, iye wọn tó nǹkan bí 800. Òmíràn ka ọgbọ̀n atukọ̀ tó ń lọ sí Pleuron. Òmíràn tún sọ pé kí wọ́n gba idẹ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè àgbègbè, kí wọ́n fi rọ ọ̀kọ̀ àti ọfà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rí ìbẹ̀rù ogun ojú omi nínú gbogbo èyí, torí ààfin náà kò ní odi nígbà yẹn. Àwọn mìíràn ní ètò ọdọọdún lásán ni, pé a kò ní wàláà ọdún mìíràn tí a lè fi wé e.

Kí ló wá pa Pylos? Ìtàn àtẹnudẹ́nu dáhùn pé àwọn Dorian ni, pé àwọn ọmọ-ọmọ Heracles padà wá gba ogún bàbá wọn, tí ìdílé Neleus fi sá lọ sí Athens, tí àwọn kan sì tibẹ̀ rékọjá lọ sí etíkun Asia. Ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí sí ogun àjèjì tó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń tọ́ka sí àwọn ọlọ́ṣà òkun, àwọn kan sí ọ̀tẹ̀ inú ilé, torí ààfin ti di ẹrù lé ọ̀pọ̀ èèyàn lórí. Àwọn tó yẹ òkúta inú ihò àpáta erékùṣù Schiza, tí kò jìnnà síbẹ̀, wò ní ọ̀dá mú gan-an lẹ́yìn tí ààfin ti jóná. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dá lè máà jẹ́ ohun tó dáná sun ún, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi tún un kọ́. Ìjọba tó ń ka gbogbo ìwọ̀n ọkà kò lè dúró láìsí ọkà.

Lábẹ́ àjàgà Sparta

Láti ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkeje ṣáájú ìbí Kristi, Sparta rékọjá òkè Taygetus, ó ṣẹ́gun Messenia. Ilẹ̀ ló fà á. Ilẹ̀ Messenia lọ́ràá, ọmọ Sparta sì ń pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Wọ́n sọ àwọn onílẹ̀ di Helot, ìyẹn ẹrú tí ilẹ̀ ń dè mọ́lẹ̀, tó ń roko fún ọ̀gá. Láti ìgbà náà ni jàgunjàgun Sparta kò ti ní iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ, torí ẹlòmíràn ló ń bọ́ ọ. Ohun tó fún Sparta lágbára náà ló sì gbé ẹ̀rù sí i lọ́kàn: ọ̀tá ń sùn sínú ilé rẹ̀.

Àwọn ará Messenia ń sọ ìtàn Aristomenes, akọni tó bá Sparta jà tí ọ̀gbun jíjìn kò lè pa. Ọwọ́ Pausanias la ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé tó pẹ́ lẹ́yìn ogun náà ló sì gbára lé. Tyrtaeus, akéwì Sparta tó wà láyé nígbà ogun kejì láàárín Sparta àti Messenia, mẹ́nu ba ìyà àwọn tó ń gbé ìdajì irè oko wọn fún ọ̀gá. Ìtàn Aristomenes wú àwọn ará Messenia lórí débi pé kò sí ẹni tó lè ya òótọ́ rẹ̀ kúrò lára àbùmọ́ mọ́.

Sparta kì í ṣe ará òkun, torí náà ó jẹ́ kí Koryphasion dahoro. Ibẹ̀ ni aṣìṣe rẹ̀ wà. Ní 425 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Athens àti Sparta ń jagun, ìjì lé ọkọ̀ ogun Athens wọ èbúté náà. Demosthenes tó bá wọn rìn ní kí wọ́n mọ odi síbẹ̀, àwọn ọ̀gágun wọn kò gbà. Thucydides ní àìríṣẹ́ṣe ló sún àwọn ọmọ ogun dé ìdí iṣẹ́. Wọn kò ní irin tí wọ́n á fi gbẹ́ òkúta, wọ́n to òkúta bí ó ṣe bára mu. Wọn kò ní agbọ̀n tí wọ́n á fi ru ẹrẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í lẹ́yìn kó má bàa já. Bí a kò bá rí àdàn, òòbẹ̀ la fi í ṣẹbọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi mọ odi náà.

Sparta kó 420 jagunjagun sí erékùṣù Sphacteria láti dí ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ Athens padà dé, ó sì há wọn mọ́bẹ̀. Ta ló ń bọ́ wọn? Àwọn Helot tí Sparta ṣèlérí òmìnira fún ni, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi lóru, wọ́n ń fi okùn fa àpò awọ tí oyin àti hóró ọ̀gbọ̀ gígún wà nínú rẹ̀. Nígbà tí iná jó igbó erékùṣù náà, ìbòrí tán. Ọ̀gágun àwọn ará Messenia tó wà lẹ́yìn Athens rí ọ̀nà kan gba orí àpáta, ó yọ sí wọn lẹ́yìn. Àwọn 292 tó ṣẹ́kù juwọ́ sílẹ̀, nǹkan bí 120 nínú wọn sì jẹ́ ojúlówó ọmọ Sparta. Gbogbo Gíríìsì ló yà lẹ́nu, torí wọ́n gbà pé ọmọ Sparta kì í fi ohun ìjà sílẹ̀ láàyè. Asà kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Athens, àkọlé ara rẹ̀ sọ pé láti Pylos ló ti wá.

Thucydides la gbára lé fún gbogbo èyí, òun náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Ó ní ẹnu gúúsù èbúté gba ọkọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu náà lé ní kìlómítà kan. Ó tún ní gígùn erékùṣù náà kò tó ohun tí ojú ń rí lónìí. Àwọn kan ní kò dé ibẹ̀ rí, pé ẹnu ọmọ ogun ló ti gbọ́ ọ. Àwọn kan ní àwọn adàwékọ ló ba ìṣirò náà jẹ́.

Athens kó àwọn ọmọ Messenia tó ti sá lọ sí Naupactus wá sí odi náà. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú Sparta, wọ́n sì mọ ilẹ̀ baba wọn, àwọn Helot sì ń sá lọ bá wọn. Ẹ̀rù yìí pọ̀ débi tí Thucydides fi kọ ọ́ pé Sparta ní kí àwọn Helot tó ti ṣe akin lójú ogun jáde wá gba òmìnira, wọ́n dé nǹkan bí 2,000 ládé òdòdó, wọ́n sì pa wọ́n run ní bòókẹ́lẹ́. Sparta gba Pylos padà ní 409, ṣùgbọ́n ní 369, Epaminondas ti Thebes dá Messenia sílẹ̀.

Àwọn ọba òkun

Lábẹ́ Róòmù, Pylos di ìlú tí kò láriwo. Àwọn Slav dé Peloponnese ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà sí ìkeje, lẹ́yìn náà sì ni orúkọ Navarino bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ti àtijọ́. Àwọn kan so orúkọ náà mọ́ àwọn Avar, àwọn kan mọ́ àwọn ọmọ ogun Navarre tó dé ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ṣùgbọ́n irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé kí àwọn ará Navarre tó dé.

Lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun Kristẹni láti ìwọ̀-oòrùn kó Constantinople ní 1204, ìjì tún ṣiṣẹ́ rẹ̀: ó gbé Geoffrey ti Villehardouin dé Methoni, kìlómítà díẹ̀ sí gúúsù. Ibẹ̀ ló ti ronú àtigba Peloponnese. Àwọn Faransé jọba, ìwé ìtàn Morea (bí wọ́n ṣe ń pe Peloponnese nígbà náà) sì ní Nicholas ti Saint-Omer ló kọ́ odi sórí Koryphasion ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Òun ni wọ́n ń pè ní Palaiokastro, odi àtijọ́, báyìí.

Venice kò fẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà ló fẹ́. Methoni àti Koroni ni ojú méjì tó fi ń wo òkun, ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù ti ń bu omi. Kí Navarino má bàa bọ́ sọ́wọ́ Genoa, ó ra á ní 1423. Àwọn Ottoman ja Venice lójú omi níbẹ̀ ní 1499, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Methoni ṣubú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Ottoman ṣègbé ní Lepanto ní 1571, wọ́n rí i pé èbúté yìí nílò ẹ̀ṣọ́ gidi. Wọ́n kọ́ Niokastro, odi tuntun, sí ẹnu gúúsù ní 1573. Venice gbà á ní 1686, Ottoman gbà á padà ní 1715.

Ní 1770, ọkọ̀ Rọ́ṣíà dé, ó ní òun wá dá àwọn Kristẹni sílẹ̀. Ivan Gannibal ló ṣíwájú àwọn tó gba Niokastro, ọmọ Abram Gannibal ni, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe tó sì di ọ̀gágun ní Rọ́ṣíà. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n lò. Nígbà tí ogun yí padà, wọ́n wọkọ̀ lọ, wọ́n fi àwọn tó gbà wọ́n gbọ́ sílẹ̀ fún ìbínú Ottoman. Àwọn Gíríìkì ń sọ títí di òní pé Rọ́ṣíà ta àwọn. Orlov, olórí ogun náà, kọ̀wé pé àwọn Gíríìkì ni kò lè jà.

Ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá

Ọ̀tẹ̀ ńlá sí ìjọba Ottoman bẹ́ ní 1821. Àwọn Gíríìkì dó ti Niokastro títí ebi fi pa àwọn Mùsùlùmí inú rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí fún wọn pé ọkọ̀ á kó wọn lọ láìfarapa. Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn, wọ́n sì pa wọ́n, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Kì í ṣe ọ̀tá ló kọ ìtàn náà sílẹ̀. Àlùfáà Gíríìkì kan, Frantzis, ló kọ ọ́. Òpìtàn George Finlay ti Gẹ̀ẹ́sì gbé e káàkiri, kò sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti bá àwọn Gíríìkì jà fún òmìnira.

Ní 1825, Ibrahim Pasha, ọmọ Muhammad Ali ti Íjíbítì, sọ̀kalẹ̀ sí Methoni láti gba ìjọba Ottoman sílẹ̀. Ó gba Sphacteria lóṣù karùn-ún, Santorre di Santarosa ti Ítálì kú síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Gíríìkì, Niokastro sì juwọ́ sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí àdéhùn láti fi dandan dá ìjà dúró. Ìkáàánú Gíríìsì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pé kí ẹnì kan nínú wọn má nìkan jẹ ogún Ottoman ló so wọ́n pọ̀ jù.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 1827, ọkọ̀ 27 ti àwọn mẹ́ta náà wọ inú èbúté lábẹ́ àwọn ọ̀gágun wọn, Codrington, de Rigny àti van Heyden, wọ́n ju ìdákọ̀ró sójú ọkọ̀ Ottoman àti ti Íjíbítì tó pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Wọn kò kéde ogun. Ta ló kọ́kọ́ yìnbọn? Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ Ottoman kan ló yìnbọn lu àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré wọn. Ottoman ní àwọn tó wọ ilé onílé láìgbàṣẹ ló dá a sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, púpọ̀ nínú ọkọ̀ Ottoman àti Íjíbítì ti jóná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti kú. Àwọn alájọṣe mẹ́ta pàdánù nǹkan bí 180 èèyàn, wọn kò pàdánù ọkọ̀ kankan. Ogun ńlá ìkẹyìn tí ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ nìkan jà nìyẹn. Ní London, ọ̀rọ̀ ọba ní 1828 pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì pe Codrington padà sílé lọ́dún yẹn. Ní Pylos, gbàgede ìlú ń jẹ́ orúkọ àwọn ọ̀gágun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Maison dé ní 1828 láti rí sí i pé Ibrahim lọ. Àwọn ẹnjiníà wọn ló fa ìlà òpópónà ìlú tuntun sí ìsàlẹ̀ Niokastro. Ìdí nìyẹn tí ìlú Gíríìkì yìí fi ní àwọn òpópónà tó tọ́. Lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n dá orúkọ Pylos padà fún un.

Ìlú òní

Ogun kò fẹ́ èbúté náà mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, torí ọkọ̀ onína kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ibi ìsápamọ́ fún ìjì. Niokastro di ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn náà ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọmọ ìlú tí wọ́n ń fi yangàn ni Kostis Tsiklitiras, tó gba wúrà nínú ìfò-gígùn láìsáré ní eré Olympic Stockholm ní 1912, tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ogun Balkan, tí àìsàn sì pa ní 1913 kó tó pé ọmọ ọdún 25. Ólífì ṣì ń so. Ní ọ̀sà Gialova lẹ́bàá Voidokilia, ọ̀gà ilẹ̀ Áfíríkà ń rìn nínú iyanrìn, ibẹ̀ nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ Europe, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ọkọ̀ ayé àtijọ́ ló gbé e dé.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà 2023, orúkọ Pylos tún gba ayé kan. Ọkọ̀ apẹja kan tó gbéra láti Tobruk ní Libya rì ní nǹkan bíi kìlómítà 87 síbẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bí 750 ló wà nínú rẹ̀, pàápàá láti Pakistan, Syria àti Íjíbítì. Àwọn 104 ló yè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Gíríìsì ní àwọn inú ọkọ̀ kọ ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó yè ní okùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi fa ọkọ̀ ló dojú rẹ̀ dé. Ilé ẹjọ́ Kalamata tú àwọn ọmọ Íjíbítì mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2024, ó ní ojú agbami tí kì í ṣe ti Gíríìsì ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, kò sí lábẹ́ àṣẹ òun.

Akọ̀wé ààfin ìgbà laelae mọ iye obìnrin Miletus tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti iye ọ̀pọ̀tọ́ tí ọmọ wọn ń jẹ. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ gbogbo èrò ọkọ̀ 2023. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀rúndún yìí fún Pylos máa ní láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn 104 yẹn, kó sì gbé ọ̀rọ̀ wọn síwájú ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, bí a ti gbé Homer síwájú wàláà.